Àbàwọ́n Igun Ìwé

Òjò ń pa pápá tó wà lẹ́yìn Kófẹ́ntírì, kò dáwọ́ dúró,
àwọn tó ń ta àlòkù eré ọkọ̀ sì fi ọ̀rá bo àtẹ wọn:
ìbọ̀wọ́ awakọ̀ kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti já,
awò eré tó sán lójú ọ̀tún,
ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ti ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò
(mo béèrè ta ló jẹ ẹ́; wọ́n ní ẹnì kan ṣáà jẹ ẹ́),
ìwé ètò ìdíje ọdún tí wọn ò tíì bí mi,
ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà keje: Ó gbiná.

Ó gbiná. Ọ̀rọ̀ méjì péré.
Ìyókù ojú ewé náà mọ́ tónítóní.

Èmi kì í ṣe ará ibẹ̀. Mi ò ní ọkọ̀, mi ò sì ní ọkọ,
bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ wá nítorí ìtàn tí bàbá mi sọ
nígbà tí àìsàn ti sọ ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín.

Àkànó, tó ń rán awọ bí ẹni ń rán àrán,
ọdún mọ́kàndínlógún nídìí ìjókòó ọkọ̀ Mẹ́rídiù,
abẹ́rẹ́ gba àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta,
bọ́ọ̀sì ló ń gbé e lọ, bọ́ọ̀sì ló ń gbé e bọ̀.

Ó ní: lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan oòrùn ràn, o ò ní gbà gbọ́,
wọ́n ní ká ti ọkọ̀ pupa kan gun koríko olówó kan ní Kẹ́nílwọ̀ọ̀tì
kí wọ́n lè ya á fún ìpolówó.
Ọmọge kan wá fara tì í, ó wé ìborùn aláwọ̀ ewé.
Ayafọ́tò na ìka sí mi: Ìwọ, sún sẹ́yìn.
Mo sún. Ó ní, Tún sún.
Mo sún títí òdòdó fi gún mi ní ìpàkọ́.
Ó ní, Òjìji rẹ ṣì ń wọlé.
Bàbá mi á rẹ́rìn-ín níbẹ̀, á wúkọ́,
á ní: Mo fi Yorùbá bi í pé ibo ni kí n wá gbé òjìji sí.
Kò dá mi lóhùn.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ló wí i.
Wọn ò sọ ẹni tó gún un.

Mo tú àpótí mẹ́rin kí n tó rí i,
láàárín ìpolówó táyà àti ti òróró ẹ́ńjìnnì:
ọkọ̀ pupa, ọmọge, ìborùn. Lókè, lẹ́tà gàdàgbà:
ẸNI TÓ BÁ JÓKÒÓ SÍNÚ RẸ̀ KÌ Í BÉÈRÈ IBI TÓ Ń LỌ.
Nísàlẹ̀, ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn lé ṣílè mẹ́rin, láìka owó-orí mọ́ ọn.
Lápá òsì, lórí koríko, nǹkan dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan:
orí, èjìká, apá kan tó gbé sókè díẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pájítà tó ni àtẹ náà gbé awò sójú.
Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ní, àmọ́ àbàwọ́n wà nígun rẹ̀, wò ó,
bóyá yíǹkì ló dà sí i níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mú mẹ́wàá wá.
Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé tíì rẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì tó ti kú.
Ó fẹ́ ṣe mí lóore.

Mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lọ́wọ́.
Ó dá márùn-ún padà. Mo tún tì í sí i.
Mo ní, Ẹ gbà á, owó àbàwọ́n nìyẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìwé náà wà lábẹ́ kóòtù mi, ó tutù láyà.
Ọmọdékùnrin kan ń wa ọkọ̀ ìṣeré lójú fèrèsé,
ó ń fẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì, òjò ń ṣàn lábẹ́ táyà rẹ̀.
Ó bi mí kí ni mo gbé pamọ́.
Mo ní bàbá mi ni.
Ó ní, Ṣé ó ń sáré?
Mo ní, Rárá. Wọ́n ní kó sún sẹ́yìn,
ibi tó sún dé nìyí.

Ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ku ibùdókọ̀ mẹ́fà.